Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Fọ́tò Lórúkọ

Àgbádárìgì,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, ọdún 2025.

Látífàt,

Àlàáfíà fún ẹni tó bá fẹ́ àlàáfíà. Mi ò béèrè bí ara rẹ ti rí, torí ara tó lè ṣe irú ohun tí o ṣe yìí, ara náà le dáadáa. Mo ti dí nọ́ńbà rẹ lórí wasaapu. Má pè mí. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe ohun tí mo lè máa sọ lórí fóònù kí Mọ̀dínátù máa gbọ́ ọ láti yàrá kejì. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sórí í-meèlì.

Nígbà tí o wá sílé ní oṣù kẹrin, o ní kọ̀ǹpútà mi rí jákujàku, kí n jẹ́ kí o bá mi tò ó. Mo gbà. Mo ṣáà bí ọmọ tó ń bá wọn to ìwé ní ilé iṣẹ́ ńlá ní Leeds. Kí o tó fọwọ́ kàn án, fódà ilé wà lọ́tọ̀, fódà ilẹ̀ Aradagun wà lọ́tọ̀, fódà iṣẹ́ tí mo ṣe ní bọ́dà Sẹmẹ wà lọ́tọ̀, ti ìrìn àjò Mẹ́kà lọ́tọ̀, ti Mọ̀dínátù àti àwọn ọmọ lọ́tọ̀. Bí mo bá ń wá nǹkan, mo mọ yàrá tó wà. O padà sí ìlú Ọba tán, mo ṣí kọ̀ǹpútà, kò sí yàrá kankan mọ́. O da gbogbo rẹ̀ sójú kan bí ìgbà tí wọ́n bá da ẹja sílẹ̀ létí ọ̀sà. O wá lẹ orúkọ mọ́ wọn lára, òmíràn orúkọ mẹ́ta, òmíràn mẹ́fà. O ní kí n ṣáà máa tẹ orúkọ ohun tí mo bá fẹ́, yóò jáde.

Ó jáde lóòótọ́.

Lánàá, lẹ́yìn Jímọ̀, àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí wá kí mi nítorí oyè Bàbá Àdínì tí wọ́n fi jẹ mí. Mo so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ kí wọ́n lè wo fọ́tò ìdílé. Mọ̀dínátù jókòó tì mí. Èmi tìkára mi ni mo tẹ "ìyàwó", kí n lè fi ìyàwó mi hàn wọ́n. Àdùní ló yọ. Àdùní nínú aṣọ ìgbéyàwó. Àdùní nínú ọkọ̀ ojú omi. Àdùní tó dì mọ́ mi lápá ní etíkun, tó gba gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n, kó tó wá kan Mọ̀dínátù nísàlẹ̀. Obìnrin tí mo ti kọ̀ sílẹ̀, tí mo ní orúkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ilé mi mọ́, òun ló ń rẹ́rìn-ín sí Lèmọ́mù. Lèmọ́mù wolẹ̀. Mọ̀dínátù tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n náà títí dé ìsàlẹ̀, ó dìde, ó wọ yàrá, kò sì jáde mọ́ títí àwọn àlejò fi lọ.

Gbogbo ọdún tí mo fi báni yọ ẹrù ní bọ́dà, ẹrù kan, ìwé kan, orúkọ kan ni. Ẹrù tó bá ní orúkọ méjì, fàyàwọ́ ni. O sọ gbogbo ilé mi di fàyàwọ́.

Kọ ọ̀nà tí Fàthíà àbúrò rẹ yóò gbà dá fódà mi padà ránṣẹ́, ní kíákíá. Ọmọ tó ní bàbá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun.

Èmi ni bàbá rẹ,
Alhaji Jàmíù Akíndé.


Leeds,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 2025.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú oyè o. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ lò ó pẹ́, kí ẹ sì fi rántí àwọn tí ẹ bá jẹ gaàrí kó tó di oyè. Ẹ bá mi kí Ìyá Fàthíà. Ẹ bá mi kí Fàthíà náà.

Mi ò ní kọ ọ̀nà kankan ránṣẹ́.

Ẹ ní ẹrù tó bá ní orúkọ méjì, fàyàwọ́ ni. Ọjọ́ tí wọ́n sọ mí lórúkọ ńkọ́? Ẹ̀yin pè mí ní Látífàt. Ìyá yín pè mí ní Àṣàbí. Ìyá ìyá mi wá láti abúlé wọn létí ọ̀sà, ó pè mí ní Senami ní èdè Ègùn tirẹ̀. Ẹni tó bá pè mí ní èyíkéyìí nínú wọn, èmi kan náà ni mo ń jẹ́ ẹ. Ṣé fàyàwọ́ ni èmi náà? Ohun tí mo ṣe sí àwọn ìwé yín nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fọ́tò tí ẹ ti dúró lórí ìpìlẹ̀ ilé, tí ìyá mi ń pọn omi fún àwọn bíríkìlà lẹ́yìn yín, fódà wo ló yẹ ẹ́? Fódà ilé ni, àbí ti ìyá mi? Ẹ fi í sí ọ̀kan, ẹ ti lé e jáde nínú èkejì. Orúkọ ní tirẹ̀ kì í lé ẹnikẹ́ni jáde.

Ẹ ka gbogbo fódà yín fún mi, ẹ wá fi ọ̀kan pamọ́. Kí ló dé tí ẹ ò dárúkọ fódà Pàǹtí? Mo ṣí i, Bàbá. Ìwé iná àtijọ́ ló wà níbẹ̀, àti ìwé ẹ̀rọ amómitutù tó ti kú, àti ìyá mi.

Oṣù kẹrin yẹn, òkú rẹ̀ ni mo wá sin ní Àjàṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ìgbà èwe yín kọjá bọ́dà yẹn lójoojúmọ́, ẹ ò lè kọjá rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn. Mo sin ín tán, mo padà sílé yín, mo tún bá a nínú Pàǹtí. Ṣé kí n wá fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ni?

Àwọn fọ́tò bébà, ẹ ti dáná sun wọ́n lẹ́yìnkùlé. Mo dúró níbẹ̀, ọmọ ọdún méje ni mí, mo ń wo ojú ìyá mi tó ń ká kò. Àwọn tí onífọ́tò ti bá yín kó sínú kọ̀ǹpútà ṣáájú ọjọ́ yẹn nìkan ló kù láyé. Ẹ sì mú mi búra pẹ̀lú Kùránì pé mi ò ní kó ohunkóhun láti inú kọ̀ǹpútà yín sínú fóònù mi, torí ẹ̀rù àwọn gbájúẹ̀ ń bà yín. Mo pa ìbúra mọ́. Mi ò ní ẹyọ kan lọ́wọ́. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n.

Bí ojú bá tì yín níwájú Lèmọ́mù, ẹ fara mọ́ ọn. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ọmọ yín,
Látífàt Senami.


Àgbádárìgì,
Ọjọ́ kejì, oṣù keje, ọdún 2025.

Látífàt,

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi. Mo kà á, mo tún un kà, kí n lè mọ̀ bóyá ọmọ mi ló kọ ọ́ tàbí ẹni tó jí orúkọ rẹ̀ lò. O fi òwe bú mi, o tún kúnlẹ̀ sí i. Ẹ kú ìkúnlẹ̀ ìlú Ọba.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé ta ni o wò? Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ tí o ń rojọ́ rẹ̀ yẹn, àgbà ló ń sọ ọmọ lórúkọ, ọmọ kọ́ ló ń sọ àgbà. Ta ló fún ọ láṣẹ láti wọ ilé mi kí o máa sọ gbogbo nǹkan inú rẹ̀ lórúkọ bí ẹni tó dá a sílẹ̀?

O sì ní kí n kí Ìyá Fàthíà. Bí o ṣe ń pe Mọ̀dínátù báyìí nìyẹn. Nígbà tí ìgbóná mú ọ, tó pọ̀n ọ́ sẹ́yìn dé ọsibítù torí okadà kò sí, Màámi lo ń pè é. Mi ò jẹ́ iṣẹ́ náà fún un.

Ní ti Àdùní, mo ní ẹ̀tọ́ láti fẹ́ ìyàwó kejì, mo sì fẹ́ ẹ. Ó ní òun kò ní bá ẹnikẹ́ni pín ilé. Mo ní kó máa lọ. Ó lọ. Èyí tó kù kò kan ọ́.

Mo ti bá Dosu sọ̀rọ̀, oníkọ̀ǹpútà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Aradagun. Ó ń bọ̀ ní Sátidé yìí. Ó ní òun yóò dá fódà mi padà. Ó ní òun yóò sì pa gbogbo ohun tó bá ń jẹ́ Àdùní rẹ́ kí òun tó mu omi tán. Ó ní bó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, òun ì bá máa wá wọn kiri lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tó lẹ orúkọ mọ́ wọn ti bá òun dín iṣẹ́ kù: kí òun ṣáà tẹ orúkọ obìnrin náà, gbogbo rẹ̀ á péjọ, òun á nù ún. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Bàbá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kẹta, oṣù keje, ọdún 2025.

Bàbá,

Ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ, mo kó o jẹ. Ẹ dá fódà yín padà bí ó ti wù yín. Ẹ dá Pàǹtí pàápàá padà, ẹ kó ìyá mi sínú rẹ̀, kó máa gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ìwé iná. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí Dosu pa á rẹ́. Ẹ tú mi sílẹ̀ nínú ìbúra yẹn, kí Fàthíà fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi, lẹ́yìn náà ẹ lè sọ kọ̀ǹpútà ọ̀hún sínú òkun tó bá wù yín.

Mo ti ń gbàgbé bí ẹnu rẹ̀ ti rí tó bá ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí mo sin ní Àjàṣẹ́, àìsàn ti jẹ ẹ́ lójú. Kì í ṣe ojú yẹn ni mo fẹ́ máa rántí.

Mo tún fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí. Bí ẹ bá pa á rẹ́, ọjọ́ tí wọ́n bá ránṣẹ́ sí mi pé Alhaji Akíndé ti lọ, èmi náà kò ní kọjá bọ́dà.

Látífàt.


Leeds,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù keje, ọdún 2025.

Bàbá,

Sátidé ti kọjá. Òmíràn ti dé. Ẹ ò dáhùn. Fàthíà kò gbé fóònù. Ṣé Dosu wá?

Bí ẹ ò bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ẹ kọ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́".

Látífàt.


Leeds,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù keje, ọdún 2025.

Alhaji,

Mo ti mọ ìdáhùn yín báyìí. Ẹni tí kò bá pa nǹkan rẹ́ kì í dákẹ́ tó báyìí.

Ẹ kú iṣẹ́. Kò sí ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ mọ́.


Àgbádárìgì,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹjọ, ọdún 2025.

Látífàt,

O ti ń pè mí ní Alhaji. Ó dáa. Mo ti ń dákẹ́ torí mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìbínú rẹ sì kò ràn mí lọ́wọ́.

Dosu wá ní Sátidé yẹn. Ó tẹ Àdùní. Kò dáwọ́ dúró, wọ́n ń jáde ṣáá. Ó ní, "Alhaji, ìdajì kọ̀ǹpútà yín lẹ fẹ́ nù yìí o." Mo wò ó. Ìpìlẹ̀ ilé wà níbẹ̀. Fọ́tò tí mo wọ aṣọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní Sẹmẹ wà níbẹ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ ló wà léjìká mi. Ìwé ọjọ́ ìbí rẹ wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà ní fódà, Pàǹtí kékeré kan ni. O wá fi orúkọ rẹ̀ hun gbogbo ayé mi pọ̀ débi pé mi ò lè fa fọ́nrán kan yọ. Inú bí mi. Mo ní kí Dosu nù wọ́n bẹ́ẹ̀.

Mọ̀dínátù jáde láti yàrá, ó fa wáyà kọ̀ǹpútà yọ lára ògiri. Ó ní ẹnikẹ́ni kò ní pa òkú rẹ́ nínú ilé òun. Dosu kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Mo ní, "Ṣebí nítorí rẹ ni mo ṣe ń ṣe é, ìwọ tí ojú tì lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn." Ó ní, "Ta ní sọ fún yín pé Àdùní ló dùn mí?" Ó ní kí n lọ ka ohun tó wà lábẹ́ fọ́tò ti òun.

Mo lọ kà á. Mi ò ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí, òkè àjà nìkan ni mo ń wò lọ́jọ́ yẹn torí ìtìjú. Lábẹ́ Àdùní, o kọ "Àdùní", o kọ "ìyá mi", o kọ "ìyàwó", o kọ orúkọ abúlé wọn, o kọ orin tó máa ń kọ. Lábẹ́ Mọ̀dínátù, ẹyọ kan ni. Èyí tó ti pọ̀n ọ́: "ìyàwó bàbá mi". Èyí tó ti ń di irun fún ọ lójú àtẹ̀gùn: "ìyàwó bàbá mi". Èyí tó ti ń sunkún ní pápá ọkọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ tí o ń lọ: "ìyàwó bàbá mi". Gbogbo àgbà mọ́ṣáláṣí ló kà á lójú tẹlifíṣọ̀n, òun náà sì kà á.

Ìwọ lo ní orúkọ kì í lé ẹnikẹ́ni jáde.

Èmi ti yọwọ́. Kọ̀ǹpútà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ̀bẹ̀ bá wà lẹ́nu rẹ, òun ni kí o bẹ̀, kì í ṣe èmi.

Bàbá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ, ọdún 2025.

Màámi,

Mo kúnlẹ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ fa wáyà yẹn yọ. Bàbá sọ fún mi.

Mo ń kánjú nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ náà ni. Ọkọ̀ òfuurufú ń dúró dè mí, òkú ìyá mi ṣì ń dùn mí, mo yan gbogbo fọ́tò yín lẹ́ẹ̀kan náà, mo lẹ orúkọ kan mọ́ wọn kí n lè yára. Mi ò ronú. Kì í ṣe pé ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Fàthíà tẹ orúkọ yẹn, kó yan gbogbo wọn, kó nù ún, kó wá kọ "Màámi". Kò ní pẹ́ rárá.

Bí ẹ bá sì lè bá mi fi fọ́tò ìyá mi ránṣẹ́, ẹyọ kan péré, èyí tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi, mi ò ní gbàgbé yín láyé.

Ọmọ yín,
Látífàt.


Àgbádárìgì,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 2025.

Látífàt,

Mo kí ọ. Fàthíà ní kí òun bá mi kọ ọ́, mo ní rárá, kó kọ́ mi. Ìka kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá kúrú, ìka ló fà á, inú mi náà sì fà á.

Mo rí Màámi tí o fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn. Fọ́tò ló mú un wá. Bí Dosu bá ti pa wọ́n rẹ́ ni, Ìyá Fàthíà ni mo ṣì ń jẹ́.

O ní o ń kánjú. Kò sí ìkánjú lára ti ìyá rẹ. O jókòó, o rántí orin tó ń kọ. Èmi náà máa ń kọrin.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí bàbá rẹ kò mọ̀. Ọjọ́ tí Àdùní ń lọ, ó pè mí sẹ́yìnkùlé, ó fi ọwọ́ rẹ lé tèmi. Ìwọ náà wà níbẹ̀, àfi tí o bá ti gbàgbé. Kò kí mi, èmi náà kò kí i, torí a kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ó ní, "Ọmọ yìí kò mọ eegun ẹja yọ. Bá mi máa yọ ọ́ fún un." Mo yọ ọ́. O ti di wúńdíá, mo ṣì ń yọ ọ́, tí Fàthíà ń bínú pé èmi kì í yọ tòun.

Mi ò jowú òkú. Fọ́tò rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹyọ kan kò dín, orúkọ rẹ̀ sì wà lára wọn. Mo fi ọ̀kan kún un fúnra mi. Mo kọ ọ́ pé, "ẹni tó fa Látífàt lé mi lọ́wọ́".

Èyí tí o kọ sára tèmi, mi ò nù ún. Òótọ́ ni. Ìyàwó bàbá rẹ ni mí, mi ò lè ní irọ́ ni o pa.

Ṣùgbọ́n ìwọ lo kọ́ wa pé nǹkan kan lè ní orúkọ púpọ̀. Mo pe gbogbo fọ́tò tìrẹ jáde, láti ìgbà tí eyín iwájú rẹ ti yọ, títí dé èyí tí o yà pẹ̀lú Fàthíà ní oṣù kẹrin. Mo mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò yan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kọ "àlejò". Ẹni tó wọ ilé onílé, tó jẹun, tó sùn, tó tún gbogbo ilé tò láì bi onílé, tó sì lọ, kí ni kí n máa pè é?

Mi ò ní fi fọ́tò kankan ránṣẹ́. Bàbá rẹ ló mú ọ búra, èmi kọ́ ni màá tú u. Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì pálọ̀. Mo ti yí páàsíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n, Alhaji gan-an ń bẹ̀ mí kó tó ka ìwé. Ìyá rẹ wà nínú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ ojú omi. Wá wò ó. Bí orúkọ tí mo kọ sára rẹ bá dùn ọ́, wá fi ọwọ́ ara rẹ nù ún, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe kọ ọ́, kí èmi jókòó tì ọ́ kí n máa wò ọ́. Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni nù ún láti òkè òkun.

Bí o bá ń bọ̀, tètè sọ, kí n lè mọ irú ẹja tí màá rà.

Èmi ni,
ìyàwó bàbá rẹ.